Iyùn Tó Gba Líìfùtì: Àgbéyẹ̀wò Àwọn Àlejò Orí Òkúta Ààyè

Ẹni tó bá ra òkúta òkun, tí àwọn onítáǹkì ń pè ní òkúta ààyè, sínú táǹkì ilé rẹ̀ ti ra ju ohun tó sanwó fún lọ. Òkúta ló sanwó rẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tó ń gbé lára òkúta náà ló bá a délé lọ́fẹ̀ẹ́: aràn, alákàn, kànrìnkànrìn òkun, ewé pupa líle tó lẹ̀ mọ́ òkúta pẹlẹbẹ, àti nígbà mìíràn, iyùn ààyè. Àwọn iyùn tó gba líìfùtì yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ onítáǹkì máa ń kọ́kọ́ béèrè tí wọ́n bá rí ọ̀kan ni pé, "Kí lorúkọ rẹ̀?" Lójú tèmi, ẹ̀yìn ló yẹ kí ìbéèrè yẹn wà. Ṣé ó léegun? Àwọ̀ wo ló ní? Ìgbà wo ló ń nawọ́ jáde? Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí mẹ́ta yìí ti mọ bí yóò ṣe tọ́jú ẹ̀dá náà, kódà bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀ títí ayé.

Ọ̀pọ̀ wa mọ iyùn ní ọrùn ìyàwó àti lára ọba. Iyùn pupa tí wọ́n ń kó wá láti Òkun Mẹditaréníà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Corallium rubrum, eegun ẹranko ni. Nígbà tó wà láàyè nísàlẹ̀ òkun, àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ funfun ló bò ó lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọwọ́ mẹ́jọ, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀ka tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí ìyẹ́ adìẹ. Ẹranko kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní pọ́líìpù: àpò ara rírọ̀, ẹnu kan láàárín, ọwọ́ tó yí ẹnu náà ká. Ibi tó ti ń jẹun náà ló ti ń yàgbẹ́. Ẹbí àwọn ẹranko oní-pọ́líìpù yìí pín sí ọ̀nà méjì gbòòrò. Àwọn ọlọ́wọ́ mẹ́jọ ni àkọ́kọ́. Àwọn iyùn rírọ̀, iyùn abẹ̀bẹ̀ àti Xenia, tó máa ń ṣí ọwọ́ tó sì ń pa á dé láìsinmi nínú omi, wà níbẹ̀. Ìkejì ni àwọn tí iye ọwọ́ wọn sábà máa ń lọ ní mẹ́fà-mẹ́fà: mẹ́fà, méjìlá, mẹ́rìnlélógún. Iyùn olókùúta wà nínú ìdílé kejì yìí, àmọ́ ànémónì àti zoanthid, tí wọn kò léegun, náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rẹ́ àti ọ̀tá jọ jẹ́ ọmọ ìyá, wọ́n sì jọra.

Lee Chin Eng, ará Indonesia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ òkúta ààyè di ohun èlò inú ilé. Ní 1961 ló kọ àpilẹ̀kọ kan nípa bó ṣe ń sin ẹja òkun pẹ̀lú òkúta ààyè àti afẹ́fẹ́ tó ń hó nínú omi, láìlo ẹ̀rọ asẹ́mi kankan. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, àwọn ará Berlin fi iná líle àti ẹ̀rọ tó ń fi ìfóófòó kó ìdọ̀tí kúrò nínú omi kún un, ọ̀nà wọn sì gba Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kan. Àwọn bakitéríà inú ihò òkúta náà ló ń ṣiṣẹ́ gan-an: wọ́n ń sọ amóníà di nítíréètì, àwọn mìíràn tó wà jìnnà nínú ihò, níbi tí ọ́síjìn kò dé, sì ń sọ nítíréètì di gáàsì tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Iyùn tó bá wà lórí rẹ̀, èènì ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fiji, Tonga àti Indonesia wà lára àwọn tó ń kó òkúta yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Ní Florida, kí àwọn ọdún 1990 tó parí ni òfin ti dí ọ̀nà mọ́ àwọn tó ń wú òkúta láti inú òkun. Àwọn oníṣòwò kan gba ìwé àṣẹ, wọ́n ra òkúta ẹfun níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà lórí ilẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sórí ibi tí ìjọba yọ̀ǹda fún wọn, wọ́n sì jù ú sísàlẹ̀ òkun. Lẹ́yìn ọdún kan, ọdún méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rì lọ síbẹ̀ láti kó o. Ohun tó bá ti fìdí kalẹ̀ sórí rẹ̀ bá a wá. Ní ìparí 2017, Fiji kéde pé òun kò ní jẹ́ kí wọ́n kó òkúta ààyè jáde mọ́. Ní 2018, Indonesia náà dá kíkó iyùn jáde dúró, kí wọ́n tó tún ṣí i lẹ́yìn náà fún iyùn tí wọ́n gbìn. Òkúta gbígbẹ tí kò ní ẹ̀mí kankan ló wá gba ọjà. Ó mọ́, kò wọ́n, kì í gbé kòkòrò wọlé, àmọ́ kò sí ohun tó ń yọjú lára rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ àlejò, òkúta Florida ni kó wá, tàbí kó máa yẹ ìdí iyùn kéékèèké tí wọ́n gé tà wò dáadáa, torí àlejò ń gun ìyẹn náà.

Etíkun tiwa kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Odò àti ọ̀sà ń tú ẹrẹ̀ àti omi tí kò níyọ̀ sínú òkun, yanrìn ló sì tẹ́ lọ láti Badagry títí kọjá Lẹ́kí. Iyùn olókùúta fẹ́ ibi líle tó lè di mú àti omi tó mọ́. Kí èèyàn tó rí iyùn tó pọ̀ díẹ̀ lágbègbè wa, ó di erékùṣù São Tomé àti Príncipe. Ará Èkó tó bá ní táǹkì iyùn, ohun tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá ló ń sìn.

Iyùn kì í rìn, ọmọ rẹ̀ ló ń rìn. Ọmọ náà kéré débi pé ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Ó ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ó ń fara tọ́ òkúta wò kó tó yan ibi tí yóò jókòó. Ewé pupa líle tó máa ń bo òkúta òkun, àti bakitéríà tó ń gbé lórí rẹ̀, ń tú èròjà tó ń jẹ́ kó mọ̀ pé ibẹ̀ dára. Bó bá ti jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú eegun sídìí nìyẹn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Pocillopora damicornis gbówọ́ nínú ká bímọ sílé onílé. Inú ara ló ti ń tọ́ ọmọ rẹ̀ kó tó tu ú jáde, nítorí náà ọmọ náà ti ṣe tán láti jókòó. Ẹni tó bá ní ìyá kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọmọ lára gíláàsì, lẹ́yìn pọ́ǹpù, kódà nínú páìpù. Bákan náà, iyùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú ọ̀nà lè fà sẹ́yìn wọ inú eegun rẹ̀, kó dà bí òkú fún oṣù mélòó kan, kó tó yọrí padà. Ìdí nìyí tí àlejò fi lè yọjú nígbà tí onílé ti gbàgbé ọjọ́ tó ra òkúta.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí eegun. Ẹ mú iyùn kan tó wọ́pọ̀ lórí òkúta Florida, Phyllangia americana, tó fẹ́ràn abẹ́ òkúta níbi òjìji. Lọ́sàn-án, ohun tí ẹ máa rí kò ju kòtò kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ tó èékánná, tí ewé sì ti bo etí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí iná táǹkì ti kú fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti fi ọ̀rá pupa bò lójú, torí pé ìmọ́lẹ̀ pupa kì í sábà dà wọ́n láàmú. Ara rẹ̀ ti wú jáde kúrò nínú kòtò, ó mọ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ nà gbọọrọ, àmì funfun tóótòòtó sì wà lára ọwọ́ náà: ibẹ̀ ni májèlé tó fi ń mú ẹran kó jọ sí. Ẹ fi orí igi rírọ̀ kan kàn án fẹ́ẹ́rẹ́. Á kó ọwọ́ jọ, á sì máa sọ̀ kalẹ̀, kò ní sá lọ bí ànémónì. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni awọ rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i lórí eegun, títí tí eegun náà á fi fara hàn: odi róbótó kan, àti pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ara odi wọ àárín, gígùn ń tẹ̀ lé kúkúrú. Pátákó yẹn ni ẹ̀rí. Kò sí ànémónì tó ní in. Kámẹ́rà fóònù tó lè ya nǹkan kékeré súnmọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Fọ́tò méjì, ọ̀kan nígbà tó nawọ́ tán, ọ̀kan nígbà tó fà sẹ́yìn tán, wúlò ju ogún fọ́tò tí wọ́n yà lọ́sàn-án lọ.

Aiptasia ni ọ̀tá tí gbogbo onítáǹkì mọ̀. Ọrùn rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ tó mọ́ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tín-ín-rín lọ ṣóńṣó. Bí nǹkan bá kàn án, ó ti wọ ihò kí ẹ tó ṣẹ́jú. Majano kúrú, ó sanra, orí ọwọ́ rẹ̀ yọ kókó, ó sì lẹ́wà débi pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa fún un lóúnjẹ. Àwọn méjèèjì ń ta iyùn tó bá wà nítòsí, wọ́n sì ń bí sí i láìdúró. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ ha Aiptasia kúrò lára òkúta, gbígbìn ló ń gbìn ín, torí èérún tó bá ṣẹ́ kù nídìí rẹ̀ lè di odindi. Àwọn kan ń fi abẹ́rẹ́ gún omi kálísíọ̀mù háídírọ́sáìdì sí i lẹ́nu. Àwọn kan ń lo edé Lysmata wurdemanni, tí kì í fi gbogbo ìgbà ṣe ohun tí wọ́n rán an. Èmi fara mọ́ ìgbín òkun aláìníkarahun tó ń jẹ́ Berghia. Aiptasia nìkan ló ń jẹ. Tí Aiptasia bá tán, ebi á pa á kú, nítorí náà ẹni tó bá lo tirẹ̀ tán máa ń wá ẹlòmíì tó nílò rẹ̀ kíá.

Èyí tó ń tan ọlọ́gbọ́n jẹ ni Pseudocorynactis. Òru ló ń jáde bí iyùn Phyllangia, ara rẹ̀ mọ́ gaara bákan náà, àmọ́ orí ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kókó róbótó kan, tó máa ń funfun tàbí kó pọ́n bí ọsàn. Kò léegun. Èyí tó ń ti Florida wá kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ńláńlá tó ń ti Òkun Pàsífíìkì wá a máa gbé odindi ìràwọ̀ òkun mì. Ní òdìkejì, iyùn iná, Millepora, léegun dáadáa, síbẹ̀ kì í ṣe iyùn gidi. Ìbátan àwọn hydroid ni, ẹbí mìíràn pátápátá. Ara rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò ní odi bẹ́ẹ̀ ni kò ní pátákó, kìkì ihò abẹ́rẹ́ ló kún ara rẹ̀, etí rẹ̀ sì máa ń funfun. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán gbá a mú kò tún ní béèrè ìdí tí wọ́n fi fi iná sọ ọ́ lórúkọ. Àmì pupa fòò kékeré tó le, tí èèyàn máa ń rò pé ọmọ iyùn ni, Homotrema rubrum ni, ẹ̀dá oníhóró kan ṣoṣo tó kọ́ ilé ẹfun síbẹ̀. Kò ní ìtọ́jú kankan. Ẹ fi sílẹ̀.

Ní ti orúkọ, mo ti sọ tèmi. Kì í ṣe pé orúkọ kò wúlò: ẹni tó bá gbọ́ Oculina, Cladocora arbuscula, Siderastrea, Stephanocoenia tàbí Manicina areolata ti mọ ohun tó yẹ kó retí lórí òkúta Florida, torí àwọn wọ̀nyí ló máa ń yọjú níbẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ìsinmi rẹ̀ nù nítorí orúkọ ìdílé àti ti irú. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ń yí i padà. Ìwé ńlá tí Charlie Veron kọ ní 2000, Corals of the World, wà lórí tábìlì ọ̀pọ̀ onítáǹkì, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n wo DNA, wọ́n rí i pé iyùn Pàsífíìkì tí gbogbo ayé ń pè ní Favia kì í ṣe ẹbí Favia ti Àtìláńtíìkì rárá. Láti 2012 ni wọ́n ti sọ ọ́ di Dipsastraea. Ìtọ́jú tó ń gbà kò yí padà.

Àwọ̀ ni kókó kejì. Iyùn tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé sábà máa ń ní ewéko tíńtín nínú ara rẹ̀, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Iná ni olórí oúnjẹ irú ìyẹn. Èyí tó bá mọ́ gaara, tó funfun, tàbí tó pọ́n bí ọsàn láìní àwọ̀ ilẹ̀ kankan, kò ní ewéko náà, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá mú ló ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn alágbèédé wà. Astrangia poculata lè ní ewéko náà, ó lè má ní in, kódà àwọn méjèèjì lè wà lórí òkúta kan náà; ẹni tó bá ń fún un lóúnjẹ kò ní ṣìnà bó ti wù kó rí. Àwọn kan máa ń fi tọ́ọ̀ṣì búlúù àti awò aláwọ̀ òféèfèé wá iyùn kéékèèké lóru, torí ọ̀pọ̀ iyùn ń tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ búlúù. Mo gbádùn rẹ̀ gan-an, mi ò sì ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: ànémónì náà ń tàn. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tẹ ìròyìn purotéènì pupa kan jáde tí wọ́n rí nínú Discosoma, àlejò orí òkúta tó rí bí olú, tí kò ní eegun. Purotéènì náà ti di irinṣẹ́ nílé ìwádìí ìṣègùn káàkiri ayé báyìí. Nítorí náà, pé nǹkan ń tàn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó léegun.

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ kí òkúta tó wọ táǹkì, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń pa iyùn jù. Búrọ́ọ̀ṣì ni apani àkọ́kọ́. Ẹni tó ra òkúta ààyè tó wá fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ mọ́ ì bá ti ra gbígbẹ. Kànrìnkànrìn òkun tó bá ti jẹrà ni kí ẹ yọ, torí òórùn ẹyin jíjẹrà tí ẹ bá ń gbọ́ níbẹ̀ ló ń wá. Ìyókù, ẹ mú sùúrù fún un. Ẹ kó òkúta náà sínú ike ńlá kan tó ní omi iyọ̀, pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ amómigbóná, ní ìwọ̀n 25 sí 26 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, kí iná má pọ̀, torí abẹ́ òkúta ni ọ̀pọ̀ àlejò ti wá. Ẹ máa wọn amóníà, ẹ sì máa pààrọ̀ omi títí amóníà á fi di òdo. Àsìkò yìí náà ni alákàn onírun dúdú máa ń jáde lóru wá jẹun. Ìyẹn, ẹ lé e. Àmọ́ bó bá jẹ́ alákàn kékeré tí ara rẹ̀ ń dán ni ẹ rí láàárín ẹ̀ka Pocillopora, Trapezia nìyẹn, ọlọ́dẹ iyùn ni. Nínú òkun, ó ń gbá ìràwọ̀ òkun ẹlẹ́gùn-ún tó bá fẹ́ wá jẹ ilé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ títí tí ìyẹn á fi yí padà.

Omi tó dára fún wọn kò ṣàjèjì: iyọ̀ gíráàmù 35 nínú kìlógíráàmù omi kan, kálísíọ̀mù láàárín 400 sí 450 nínú lítà kan ní mìlígíráàmù, magnẹ́síọ̀mù bíi 1,300, alkalinity (agbára omi láti kojú ásíìdì) láàárín 7 sí 10 dKH. Kí nọ́ńbà náà má máa fò sókè sódò ṣe pàtàkì ju kí ó pé pérépéré lọ. Iyùn tó kéré tó èékánná kì í fa kálísíọ̀mù púpọ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń da oògùn alkalinity sínú táǹkì tuntun láìwọn ọ́n, ìpalára ló ń ṣe. Iná pẹ̀lú, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ máa rántí apá tó kọjú sókè nígbà tí òkúta dé, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iyùn abẹ́ òkúta tí wọ́n yí sójú iná á funfun láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ní Èkó, ẹ̀rọ amómigbóná kọ́ ni ìṣòro. Ooru ni, àti iná mọ̀nàmọ́ná. Omi tó bá kọjá 30 fún ọjọ́ púpọ̀ á mú kí iyùn tu ewéko inú rẹ̀ dànù, pọ́ǹpù tó bá sì dúró fún wákàtí mélòó kan á mú kí ọ́síjìn tán nínú omi. Fáànù tó ń fẹ́ sójú omi ń mú ìwọ̀n ooru wálẹ̀ díẹ̀, bí onílé bá rántí láti máa fi omi tí kò níyọ̀ dí èyí tó fò lọ. Pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì kò wọ́n, òun sì ni mo máa kọ́kọ́ rà ṣáájú iná olówó ńlá èyíkéyìí.

Ìbéèrè kẹta, ìgbà tó ń nawọ́ jáde, ló ń sọ ìgbà tó yẹ ká fún un lóúnjẹ. Oúnjẹ ni ibi tí àwọn aláìní ewéko ti ń kú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò sí ẹni tó ń rí i, torí eegun ṣì wà níbẹ̀. Ara ló ń dín kù, tó ń sún kúrò létí odi lọ sínú, títí kòtò á fi ṣófo. Phyllangia àti Tubastraea, iyùn aláìní ewéko mìíràn, nílò oúnjẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ fi ike onírọ́bà tó ń fa omi tú omi tí ẹ fi yọ́ edé kéékèèké oníyìnyín sí i lára lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òórùn yẹn á mú kó nawọ́ jáde. Ẹ wá fún un ní edé náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí Tubastraea, pọ́líìpù kan tó jẹun kò ní kí ẹnìkejì rẹ̀ yó dáadáa, nítorí náà gbogbo ẹnu ni kí ẹ fún. Bí ẹ bá ń ṣe é ní wákàtí kan náà lójoojúmọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́sàn-án dúró dè yín. Ẹ ṣọ́ edé ńlá inú táǹkì nígbà náà, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu iyùn. Àwọn tí ẹnu wọn kéré, bíi Oculina, ọmọ edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kí ẹ fún wọn.

Kí ẹ má sì yọ ọ́ kúrò níbi tó jókòó sí. Eegun rẹ̀ àti òkúta ti di ọ̀kan, ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gbé e á ya ara rẹ̀. Tó bá di dandan, nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ń ta á, òkúta ni kí ẹ fi ṣísẹ́lì gé, kí àyè wà yí iyùn ká. Lóru, àwọn iyùn kan ń na ọwọ́ gígùn jáde láti ta aládùúgbò, bíi Galaxea, tí ọwọ́ rẹ̀ lè gùn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ibi tó dà bí ààyè tó tó lọ́sàn-án lè má tó lóru.

Zoanthid ni àlejò tí mo fẹ́ kí gbogbo onílé bẹ̀rù díẹ̀. Ó lẹ́wà, ó ń tà, ọ̀pọ̀ sì ń tọ́jú rẹ̀ láìsí ewu. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí Palythoa ni wọ́n ti rí palytoxin, ọ̀kan nínú májèlé tó lágbára jù tí ẹ̀dá abẹ̀mí ń ṣe. Àwọn onímọ̀ Moore àti Scheuer yọ ọ́ jáde ní 1971 láti ara Palythoa kan ní Hana, lérékùṣù Maui ní Hawaii, níbi tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé ohun kan nínú kòtò omi etíkun wọn ń pani. Ewu rẹ̀ nínú ilé kì í sábà jẹ́ ti fífọwọ́kàn án nínú omi. Ìgbà tí onítáǹkì bá rò pé òun fẹ́ fi omi gbígbóná pa á lára òkúta ló ń di wàhálà, torí oru omi náà á gbé májèlé wọ imú gbogbo ará ilé. Ní 2018, ní Steventon, Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé ìdílé kan lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí wọ́n fọ iyùn inú táǹkì, díẹ̀ nínú àwọn panápaná tó wá gbà wọ́n là sì bá wọn lọ. Ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú ni ohun èlò tó yẹ ẹni tó ń gé zoanthid. Kí ó má ṣe sè é, kí ó má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, kí ó má ṣe tú omi líle sí i níta omi.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí onítáǹkì kì í fẹ́ gbọ́: líìfùtì náà ní ìrìn àbọ̀. Tubastraea, tó rẹwà lórí òkúta inú ilé, gun ìdí àwọn ilé ìwapo orí omi dé Brazil ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó bo àpáta ní Ilha Grande, ní ìpínlẹ̀ Rio de Janeiro, ó sì dé Baía de Todos os Santos ní Bahia, níbi tí àwọn ọmọ Odùduwà ti ń bọ Yemọja létí omi. Ìjọba àti àwọn òmùwẹ̀ ibẹ̀ ń fi òòlù àti ṣísẹ́lì wú u dànù. Ọkọ̀ àti ilé ìwapo ló jẹ̀bi ìyẹn, kì í ṣe onítáǹkì. Ní Venezuela, ọ̀ràn ti yàtọ̀. Unomia stolonifera, iyùn rírọ̀ ìbátan Xenia, tẹ́ bí ẹní sórí iyùn abínibí lágbègbè Mochima, ohun tí àwọn onímọ̀ sì fura sí jù ni pé láti inú táǹkì ni wọ́n ti gbé e sínú òkun. Wọ́n ti rí i ní Cuba náà.

Omi tí ẹ bá yọ nínú táǹkì, ẹ dà á sínú síǹkì tàbí ṣalángá, kì í ṣe gọ́tà tó ń ṣàn lọ sí ọ̀sà. Òkúta tí ẹ kò bá fẹ́ mọ́, ẹ sá a sínú oòrùn níta títí á fi gbẹ wọ inú. Bó bá ní zoanthid lára, ẹ kọ́kọ́ rì í sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi jíìkì ní ìta gbangba, jìnnà sí àwọn ọmọdé, kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò bá ráyè gbogbo ìyẹn, kó gbé òkúta náà fún onítáǹkì mìíràn. Èyí tó ní iyùn lára kì í pẹ́ rí ẹni gbà á.